Ẹ̀gà Méjì Lórí Ọ̀pẹ Kan

Kò sí ẹni tó dàgbà sí ìletò tàbí ìlú kékeré ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ariwo ẹ̀gà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pẹ kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtẹ́, kí gbogbo wọn so rọ̀ bí èso, kí àwọn ẹyẹ máa wọlé, kí wọ́n máa jáde, kí wọ́n máa bá ara wọn jà títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹni tó bá gbójú sókè á rí i pé àwọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn kan pupa rúsúrúsú bí ìyeyè tó pọ́n, orí wọn sì dúdú. Àwọn kan dúdú lórí, láyà àti lápá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àti ikùn wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí obì tó ti gbẹ.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Bí ọmọdé bá béèrè ìdí tí àwọ̀ wọn fi yàtọ̀, èsì tó sábà máa ń gbọ́ ni pé dúdú ni akọ, pupa ni abo. Èsì náà dùn-ún gbọ́ létí. Ó ṣe tán, àkùkọ àti àgbébọ̀ adìẹ kì í rí bákan náà. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ ni dúdú, akọ náà sì ni pupa. Ẹ̀yà ẹyẹ méjì ni wọ́n, tí wọ́n jọ ń gbé orí igi kan bí ìdílé méjì ṣe ń gbé agbo ilé kan. Àwọn ìyàwó wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ojú kì í tètè rí wọn ni, nítorí pé aṣọ wọn kò tàn.

Àwọn àgbà tó sọ pé ẹni tí kò gbédè ẹ̀gà ló ń sọ pé ẹ̀gà ń pàtótó ti kíyè sí ẹyẹ yìí gan-an. Ilé ni àwọn ẹyẹ náà ń ná lórí igi yẹn. Ìyàwó ni wọ́n ń wá, ẹ̀ka igi ni wọ́n sì ń jà sí.

Orúkọ àti ìdílé

Ẹ̀gà ni Yorùbá ń pe àwọn méjèèjì. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ náà kó wọn sábẹ́ orúkọ ìdílé kan, Ploceus, èyí tí wọ́n mú láti inú èdè Gíríìkì, tó túmọ̀ sí ẹni tó ń hun nǹkan. Èyí tó pupa rúsúrúsú ni Ploceus cucullatus, ìyẹn ahunnǹkan tó fi ìborí bo orí, nítorí orí rẹ̀ tó dúdú. Èkejì ni Ploceus nigerrimus, ahunnǹkan tó dúdú jù lọ. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀, ẹ̀gà pupa àti ẹ̀gà dúdú ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín.

Orúkọ ẹ̀gà dúdú lè rú ènìyàn lójú, nítorí pé ti ilẹ̀ wa kò dúdú tán. Ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Sàró títí dé gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, akọ rẹ̀ ní pupa tó ṣú yẹn lẹ́yìn àti níkùn. Bí a bá dé Kamẹrúùnù, Kóńgò tàbí Ùgáńdà, akọ kan náà dúdú kirikiri láti orí dé ìrù, tí kò ní pupa kankan lára. Ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn, bí ẹ̀ka èdè kan ṣe ń yí padà láti ìlú dé ìlú.

Ilé wọn nínú ayé kò dọ́gba. Ẹ̀gà pupa kò yan ibi: ó wà láti Senegal títí dé Gúúsù Áfíríkà, nínú ọ̀dàn, lẹ́bàá odò, láàárín ìlú. Ẹ̀gà dúdú fẹ́ràn ilẹ̀ igbó àti etí igbó. Nítorí náà, ìhà Ìjẹ̀bú, Oǹdó tàbí Ìbàdàn ni a ti ń rí àwọn méjèèjì pọ̀ lórí igi kan. Bí ènìyàn bá ń lọ sókè sí ọ̀dàn Ṣakí àti Kíṣì, ẹ̀gà pupa ló ń gba ojú ọ̀nà.

Àwọn ahunnǹkan mìíràn tún wà lẹ́yìn Ploceus. Ẹnì kan nínú mọ̀lẹ́bí wọn tó yẹ kí gbogbo Yorùbá mọ̀ ni Malimbus ibadanensis, ẹyẹ dúdú kan tí pupa fòò wà lórí àti láyà rẹ̀. J. H. Elgood, olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko ní Ìbàdàn, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ayé ní 1958. Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ẹyẹ yìí ń gbé nínú gbogbo àgbáyé, igbó tó sì kù fún un kò pọ̀ mọ́. Ẹyẹ kan ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò sì gbọ́ ọ rí. Ó yẹ kí èyí dun ni.

Ẹyinjú ni kí a kọ́kọ́ wò

Ìwọ̀n àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 17 láti ẹnu dé ìrù, nítorí náà títóbi kò lè fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì. Nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn igi, àwọ̀ náà lè tan ojú jẹ, kí gbogbo ẹyẹ máa dà bí òjìji. Ẹyinjú kì í tanni. Ti akọ ẹ̀gà pupa pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ti akọ ẹ̀gà dúdú ràn bí àgbàdo tútù, ó sì ń yọ ketekete láàárín ojú tó dúdú, débi pé ó ń dà bí ẹni pé ẹyẹ náà ń ranjú nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn ẹyinjú, ẹ̀yìn ló kàn. Ẹ̀yìn ẹ̀gà pupa ní àmì dúdú tótòtó lórí pupa rúsúrúsú rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀gà dúdú kò ní àmì. Pupa ṣíṣú kan náà ló bò ó.

Àwọn abo ló ṣòro. Abo ẹ̀gà pupa ní ẹ̀yìn tó rí bí eérú tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé, pẹ̀lú ìlà ṣíṣókùnkùn, àyà rẹ̀ sì pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Abo ẹ̀gà dúdú ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ dà bí aṣọ funfun tí a fi omi erùpẹ̀ fọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí wọn ń pè wọ́n ní ológoṣẹ́, ìyẹn sì ni àṣìṣe kejì. Ológoṣẹ́ kì í hun ìtẹ́. Inú ihò ògiri àti abẹ́ páànù ló ń kó koríko sí. Ẹyẹ tó bá wọ inú ìtẹ́ tó so rọ̀ lórí ọ̀pẹ, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ ṣá tó, ìyá ilé ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà lórí aṣọ. Níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn, akọ ẹ̀gà pupa máa ń pàwọ̀ nígbà tí àsìkò ìbísí bá kọjá. Dúdú orí rẹ̀ á lọ, á sì wá jọ ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀gà olórí dúdú lásìkò náà lè rò pé wọ́n ti kó lọ sí ìlú mìíràn, nígbà tó jẹ́ pé iwájú rẹ̀ ni wọ́n wà.

Bí akọ ṣe ń kọ́lé

Akọ ló ń kọ́lé, iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ lára imọ̀ ọ̀pẹ tàbí eèsún. Ẹyẹ náà á bà sí etí ewé, á fi ẹnu gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á di ibi tó gé mú ṣinṣin, á sì fò lọ. Bó ti ń fò ni ewé ń ya, tí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń tẹ̀ lé e bí òwú. Ewé tútù ló ń lò, nítorí pé gbígbẹ á ṣẹ́ bó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Kò ní ọwọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ ìdí fọ́nrán mọ́ ẹ̀ka, ẹnu ló fi ń ti orí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀ka náà, á fà á yọ lódìkejì, á tún tì í padà sábẹ́ ara rẹ̀. Ó ń tì, ó ń fà. Kí ojú tó wò ó tán, kókó ti ta, nígbà mìíràn ojóbó gidi ni, irú èyí tó máa ń fún bí a bá ti ń fà á.

Láti inú kókó wọ̀nyí ni òrùka kan á ti yọ láàárín ẹ̀ka méjì, tí á dúró lóòró bí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Inú òrùka yìí ni ẹyẹ náà á dúró sí títí ilé á fi parí, apá ibì kan náà ni yóò sì máa kọjú sí. Iwájú ló ti ń hun yàrá tí ẹyin máa wà. Ibi tí ẹnu rẹ̀ bá nà dé ni ògiri ń dúró sí. Nígbà tí iwájú bá pé, kì í yí padà. Á na ọrùn sókè, á gbé orí sẹ́yìn, á sì máa hun ọ̀ọ̀dẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ara rẹ̀. Ara rẹ̀ ni òṣùwọ̀n tó fi ń wọn ilé, ìdí nìyẹn tí ìtẹ́ ẹ̀gà pupa kan fi ń jọ èkejì bí ẹni pé bíríkìlà kan ló kọ́ gbogbo wọn. Lábẹ́ òrùlé, ó ń to ègé ewé tó gbòòrò léra bí àjà kí òjò má baà jò. Ẹnu ọ̀nà kọjú sí ilẹ̀.

Àwọn tó ń wò ó máa ń sọ pé àbínibí ni, pé Ọlọ́run ló dá iṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnìkan. Ìdajì òótọ́ ni. Nicholas Collias àti Elsie ìyàwó rẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ẹ̀gà pupa nílé rẹ̀ ní Áfíríkà àti nínú àgò ńlá tí wọ́n kọ́ fún un ní Los Angeles. Ní 1962 wọ́n tẹ àlàyé wọn jáde lórí bó ṣe ń hun ìtẹ́. Wọ́n tún sin àwọn ọmọ akọ kan láìfún wọn ní ewé tí wọ́n lè fi hun nǹkan. Nígbà tí àwọn yẹn dàgbà tí wọ́n sì rí ewé, ìfẹ́ láti hun wà nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ ọ́n hun bí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ti ń fi ewé ṣeré láti kékeré. Lórí igi tiwa náà, ìtẹ́ jákujàku tí a ń rí létí agbo, tó ní ihò níbi tí kò yẹ, ọwọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Wọ́n ń hun ún, ó ń tú, wọ́n sì ń tún un hun.

Àwọn kan sì wà tí wọn kì í fẹ́ lọ já ewé. Bí aládùúgbò bá yísẹ̀ padà, wọ́n á fa fọ́nrán yọ lára ilé rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí tiwọn. Ìdajì ìjà tí à ń gbọ́ lókè, olè ewé ló dá a sílẹ̀.

Ẹ̀gà dúdú náà ń hun ilé, akọ rẹ̀ náà ló sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn yàtọ̀. Ìtẹ́ tirẹ̀ rí roboto, fọ́nrán rẹ̀ nípọn, híhun rẹ̀ kò sì dán tó ti ẹ̀gà pupa. Ìyàtọ̀ tó tètè hàn jù wà lẹ́nu ọ̀nà: ẹ̀gà pupa máa ń hun ọrùn kúkúrú kan sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, bí ọrùn ìgò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ti ẹ̀gà dúdú kò ní ọrùn. Ẹni tó bá mọ èyí lè dúró sísàlẹ̀ ọ̀pẹ kí ó ka ilé méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí kò tilẹ̀ rí ẹyẹ kankan.

Abo ló ń dájọ́

Nígbà tí ilé ẹ̀gà pupa bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, onílé á so rọ̀ sábẹ́ ẹnu ọ̀nà, á dorí kodò, á máa lu apá méjèèjì kíkankíkan kí pupa abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ lè máa kọ mànà, á sì máa ké. Abo tó bá ń kọjá ló ń pè.

Bí abo bá dúró, kò ní tètè gbà. Á wọlé. Á fi ẹnu fa ògiri wò bóyá ó di ara rẹ̀ mú, á gún inú yàrá, á jáde, á tún wọlé. Akọ á dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni abo á fò lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò láìwẹ̀yìn. Àwọ̀ ilé ṣe pàtàkì sí i: ilé tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ lágbára, èyí tó ti gbẹ táútáú kì í tètè rí ìyàwó. Onílé tó bá rí i pé ilé òun ti gbẹ láìsí ẹni tó gbà á, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn síbẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ìjà ló tú irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí pé ejò ló lé wọn. Ọkùnrin tí a kọ̀ ló ń tún ọjà rẹ̀ pàtẹ.

Bí abo bá gbà, yóò kó orí koríko múlọ́múlọ́ àti ìyẹ́ wọlé tẹ́ yàrá. Akọ á wá hun ọrùn ẹnu ọ̀nà, á sì kọjú sí ilé mìíràn fún ìyàwó mìíràn. Ó lè ní tó márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù nínú ilé tirẹ̀. Abo nìkan ló ń sàba, ó sì ń gbà tó ọjọ́ 12 kí ẹyin tó pa.

Ẹyin, àti àlejò tí a kò pè

Inú ilé ni ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù láàárín àwọn méjèèjì wà, níbi tí ojú kì í dé. Ẹyin ẹ̀gà dúdú ní àwọ̀ ojú ọ̀run fẹ́ẹ́rẹ́, láìní àmì. Ti ẹ̀gà pupa kò ní àwọ̀ kan pàtó. Abo kan á yé funfun, èkejì á yé àwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta á yé àwọ̀ ojú ọ̀run tó ní àmì tótòtó. Ṣùgbọ́n abo kọ̀ọ̀kan kì í yí tirẹ̀ padà. Irú èyí tó yé lọ́dún yìí ni yóò yé lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹyẹ kékeré kan ló fà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí bàbà tí àwọ̀ ewé bò, Chrysococcyx caprius lorúkọ rẹ̀. Kì í kọ́lé. Ó ń yọ́ wọ ilé ẹ̀gà, á yé ẹyin kan síbẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹyin náà bá pa, ọmọ àlejò á fi ẹ̀yìn ti ẹyin onílé jù síta, ẹ̀gà á sì máa bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí ẹ̀gà pupa ní láti fi gba ara rẹ̀ ni àwọ̀ ẹyin yẹn. Ó dà bí àmì tí alágbàfọ̀ ń fi òwú rán sí etí aṣọ oníbàárà: bí gbogbo oníbàárà bá ní àmì tirẹ̀, aṣọ àjèjì á hàn. Abo ẹ̀gà tó bá rí ẹyin tí kò jọ tirẹ̀ á gbé e sọnù.

Ẹ̀rí wà fún èyí ní òdìkejì òkun. Láyé òwò ẹrú ni ẹ̀gà pupa ti dé erékùṣù Hispaniola, níbi tí Háítì àti Dominican Republic wà lónìí. Wọ́n kó o lọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n Chrysococcyx caprius kò bá a dé ibẹ̀. David Lahti, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi ẹyin ibẹ̀ wé ti Áfíríkà, ó sì rí i pé ìyàtọ̀ láàárín ẹyin abo kan sí òmíràn ti dín kù, ẹyin tí abo kan ṣoṣo yé kò sì fi bẹ́ẹ̀ jọra mọ́. Alágbàfọ̀ tí olè kò jà rí kò rántí rán àmì.

Ní Háítì náà, Madan Sara ni wọ́n ń pe ẹ̀gà. Orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń pe àwọn obìnrin tó ń ti oko kó oúnjẹ wọ ìlú láti tà, àwọn tí Yorùbá ń pè ní alájàpá, nítorí pé ohùn wọn kì í dákẹ́ lọ́jà, wọn kì í sì í sinmi. Orúkọ Nàgó, tí wọ́n fi ń pe Yorùbá níbẹ̀, ṣì wà nínú ẹ̀sìn àwọn ará Háítì títí di òní. Ẹyẹ kan náà tó ń ké lẹ́yìn ilé ní Ẹ̀gbá ló ń ké létí àwọn ọmọ tí a kó lọ.

Ọ̀pẹ àti oko

Ẹjọ́ tí àgbẹ̀ ń bá ẹ̀gà ṣe kì í ṣe irọ́. Ọ̀pẹ tí agbo ńlá bá tẹ̀dó sí lè pàdánù gbogbo ewé ara imọ̀ rẹ̀, kí ó ku ọwọ̀ nìkan, kí igi náà dà bí ìdì ìgbálẹ̀ tí a gbé kọ́ sókè. Irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ kò lè so dáadáa. Nínú oko ìrẹsì àti ọkà bàbà, ẹ̀gà pupa ń jẹun bí ẹni tó lóko, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọmọdé fi ń mú kànnàkànnà lọ sóko ní ìdájí, tí àwọn bàbá wọn fi ń gbé aṣọ́komásùn dúró.

Síbẹ̀, kòkòrò ni ẹ̀gà ń kó wá bọ́ ọmọ nínú ìtẹ́, tata àti ìdin tí àwọn náà ń jẹ oko. Ẹ̀gà dúdú ní tirẹ̀ kò gbójú lé ọkà tó bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àti ẹran ẹyìn wà lára oúnjẹ rẹ̀. Tí a bá fi ẹ̀sùn oko ìrẹsì kan gbogbo agbo tó wà lórí igi kan, a ti fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ kan ẹ̀gà dúdú.

Ọ̀pọ̀ tún máa ń béèrè ìdí tí wọn kò fi lọ sínú igbó, tí wọ́n yan ẹ̀yìnkùlé. Ejò ń gun igi wọn, irú àṣá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká síwájú sẹ́yìn sì mọ bí a ti ń ki ẹsẹ̀ bọ inú ìtẹ́ wọn. Níbi tí ènìyàn bá ti ń rìn lọ rìn bọ̀, àwọn ọ̀tá wọ̀nyí kì í fẹ́ yọjú, bí ojú ẹyẹ tó ń ṣọ́nà bá sì ti pọ̀, a tètè rí èyí tó bá yọjú. Ìdí kan náà ló ń mú kí ẹ̀yà méjèèjì gba ara wọn láyè lórí igi kan.

Lẹ́yìn òjò alátẹ́gùn, ìtẹ́ máa ń jábọ́. Kí ẹni tó bá rí ọ̀kan lábẹ́ ọ̀pẹ mú un sọ́wọ́ kó tó gbá a dànù. Bó bá ní ọrùn, ẹ̀gà pupa ló ni ín. Bó bá rí roboto láìlọ́rùn, tí fọ́nrán rẹ̀ nípọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹ̀gà dúdú, tàbí ilé ẹ̀gà pupa tí kò rí ìyàwó kó tó já. Kí ó wá fi ìka ya inú rẹ̀ wò. Bí orí koríko múlọ́múlọ́ àti ìyẹ́ bá wà nílẹ̀ yàrá, abo kan ti wọ ilé náà rí, ó fa ògiri rẹ̀ wò, ó sì gbà láti jókòó.